20W-50, 15W-40 àbí 5W-30: èwo ló yẹ mọ́tò àlòkù tó ti gbó?

Ẹ lọ sí ọjà Ouando l'Ájàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ ra ọ́ìlì ẹ́ńjìnì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n máa bi yín: "Mọ́tò yín ti gbó àbí tuntun ni?" Tẹ́ ẹ bá ti ní ó ti gbó báyìí, 20W-50 ni wọ́n á gbé lé yín lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó máa bèèrè irú ẹ́ńjìnì tó wà nínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bèèrè bóyá ó ń jẹ ọ́ìlì àbí kì í jẹ ẹ́, bóyá ẹ̀sáǹsì (pẹtiróòlù) ló ń mu àbí gasoil (dísù). Èmi náà rà á bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta fún Toyota Carina E mi, 1996 ni wọ́n ṣe é, mo sì gbà pé mò ń tọ́jú ẹ̀ dáadáa ni, torí gbogbo ẹni tí mo bi ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà: mọ́tò àgbà, ọ́ìlì tó ki.

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe irọ́, àmọ́ kò pé. Gbígbó nìkan kọ́ ló ń pinnu. Ìwé mọ́tò ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọ̀pá tẹ́ ẹ fi ń wọn ọ́ìlì á wá jẹ́rìí bóyá ẹ́ńjìnì yẹn ṣì le àbí irin inú ẹ̀ ti jẹ. Lẹ́yìn àwọn méjèèjì yẹn la tó lè máa sọ ti èyí tó ki àti èyí tó ń ṣàn.

Nọ́ńbà tó wà lára bidon (ike ọ́ìlì)

W inú 20W-50 yẹn, ìgbà òtútù àwọn òyìnbó ló dúró fún. Nọ́ńbà tó ṣáájú ẹ̀ ń sọ bí ọ́ìlì náà ṣe máa ń ṣe tí òtútù bá mú un: 20W, ní -15°C ni wọ́n ti ń dán an wò bóyá ẹ́ńjìnì á ṣì lè yí, 15W ní -20, 10W ní -25, 5W ní -30. Àjàṣẹ́ ò rí irú òtútù bẹ́ẹ̀ rí, Kétu ò rí i, Ṣábẹ̀ẹ́ náà ò rí i, bí ọyẹ́ ṣe wù kó le tó. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ló kàn wá jù, òun ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó nígbà tó bá ti gbóná dé 100°C. Wọ́n ní ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní cSt, lórí ìwọ̀n yẹn ọ́ìlì 30 máa ń wà láàárín 9.3 sí 12.5, 40 láàárín 12.5 sí 16.3, 50 láàárín 16.3 sí 21.9. Ẹ ò rí i pé 50 lè fẹ́ẹ̀ ki ní ìlọ́po méjì 30.

Àmọ́ ẹ má torí ẹ̀ sọ pé nọ́ńbà iwájú ò kàn wá rárá. Ní 40°C, nígbà tí ẹ́ńjìnì ò tíì gbóná, 20W-50 tó wọ́pọ̀ máa ń ki tó nǹkan bí 160, 15W-40 á wà ní bí 110, 5W-30 á wà ní bí 65. Bí ẹ̀kọ mímu ló ṣe rí, èyí tó wà lórí iná ń ṣàn, ẹ jẹ́ kó tutù kẹ́ ẹ wá wò ó. Láàárọ̀, ọ́ìlì tó ki máa ń pẹ́ kó tó gun òkè ẹ́ńjìnì, ìgbà tó fi ń pẹ́ yẹn gan-an sì ni irin ń ha irin.

Ẹ jẹ́ ká gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

20W-50 ní ibi tó dáa sí. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Kétu ní Peugeot 504 bâchée (èyí tó ní ẹ̀yìn ìkẹ́rù) tó fi ń kó àgbàdo àti gàrí gba Pobè àti Ṣakété wá sí Àjàṣẹ́. 504 ti jáde láti 1968, láyé ìgbà yẹn ọ́ìlì tó ki ni wọ́n ní lọ́kàn tí wọ́n bá ń ṣe ẹ́ńjìnì. Irin inú tiẹ̀ yìí sì ti jẹ gan-an, tó bá ti ń gun òkè pẹ̀lú ẹrù, èéfín búlúù á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń jẹ tó lítà kan kó tó rin 1,000 kìlómítà. Nígbà tó kúrò lórí 15W-40 tó bọ́ sórí 20W-50, ó wá ń rìn tó 1,500 kó tó fi lítà kan kún un, iná pupa ọ́ìlì tó máa ń ṣẹ́jú tí mọ́tò bá dúró nínú gòsílóò náà sì dákẹ́. Fún irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀, 20W-50 ni mo máa ní kẹ́ ẹ rà láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kò wo ẹ́ńjìnì náà sàn o, ó kàn ń bá a ra àkókò ni, títí owó á fi wà tí wọ́n á ṣí i kí wọ́n pààrọ̀ àwọn òrùka ara písítìn, èyí táwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní segment.

Carina tèmi ò jọ tiẹ̀. Kì í yọ èéfín, kì í jò. Ohun tó jẹ́ kí n fura ni pé láàárọ̀ tí mo bá ti ṣáná sí i, iná pupa ọ́ìlì máa ń wà níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó kú, ẹ́ńjìnì á sì máa pariwo gbẹrẹgẹdẹ títí iná yẹn á fi kú. Mo wá ìwé mọ́tò náà jáde, mo rí i pé 10W-40 wà lára ohun tí wọ́n fọwọ́ sí fún ilẹ̀ tó bá gbóná bíi tiwa. Mo rà á. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, iná yẹn kú kí n tó ka méjì. Mo wá fi 1,000 kìlómítà wọn iye tó ń jẹ, ọ́ìlì ò sọ̀ kalẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin àárín àmì méjèèjì ara ọ̀pá lọ. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń fún ẹ́ńjìnì tí ara ẹ̀ yá ní oògùn aláìsàn.

Nítorí náà 15W-40 àti 10W-40 ni mo fi ṣe ibi ìbẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ mọ́tò tí wọ́n ṣe láàárín 1985 sí 2000 tí kò ní àìsàn: Carina, Primera, 405, 406 ẹlẹ́sáǹsì, Golf 3. Tí wọ́n bá ti gbóná, ọ̀kan náà ni wọ́n, 40 ni méjèèjì. 15W-40 rọ̀jú lówó, ó wà káàkiri títí dé Ṣábẹ̀ẹ́ torí àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Parakou ń lò ó. 10W-40 máa ń yá láàárọ̀ díẹ̀, owó ẹ̀ sì máa ń ga díẹ̀. Tówó bá há, 15W-40 ò ní dójú tì yín.

5W-30 ńkọ́? Ẹni tó ní Corolla tàbí Avensis VVT-i, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ "ó ti gbó" dà yín lọ́kàn rú. Nínú ẹ́ńjìnì yẹn, ọ́ìlì kì í kàn ṣe ohun tó ń jẹ́ kí irin yọ̀, òun náà ló ń ti ohun tó ń yí àkókò tí fáàfù ń ṣí padà, ihò tó sì ń gbà kọjá kéré. Ọ́ìlì tó ki jù á pẹ́ dé ibẹ̀, ẹ́ńjìnì á wá máa lọ́ra. Tí kò bá jẹ ọ́ìlì, 5W-30 tí ìwé ẹ̀ sọ ni kẹ́ ẹ fún un. Àwọn ẹ́ńjìnì Toyota 1ZZ-FE tó kọ́kọ́ jáde ni wọ́n mọ̀ sí ajẹ-ọ́ìlì, ihò kéékèèké tó ń dá ọ́ìlì padà lára písítìn wọn ló máa ń dí. Ìyẹn náà, ẹ gòkè lẹ́sẹ̀ kan péré, sí 5W-40 tàbí 10W-40, kẹ́ ẹ tún wọn ọ́n wò. Ẹ má fò látorí 30 bọ́ sórí 50 lọ́jọ́ kan.

Ti gasoil nìkan ni mo máa sọ ní ṣókí: ẹ wo lẹ́tà C tó tẹ̀ lé API (ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ epo Amẹ́ríkà) lára bidon, 15W-40 tó bá ní CF-4 tàbí CI-4 tó fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì àtijọ́. Èyí tó bá ní àsẹ́ èéfín nídìí, ọ́ìlì tiẹ̀ yàtọ̀, ACEA C (àmì àwọn aṣe-mọ́tò Yúróòpù) ni, ẹ má da 15W-40 akẹ́rù sí i.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ń jẹ ọ́ìlì?

Ẹ gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ pa á, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ọ́ìlì lè sọ̀ kalẹ̀, ẹ fa ọ̀pá yọ, ẹ nù ún, ẹ tún tì í wọlé, ẹ fà á yọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iye kìlómítà. Lórí ọ̀pọ̀ mọ́tò, láti àmì òkè dé àmì ìsàlẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi lítà kan. Tó bá jẹ́ pé láàárọ̀ nìkan ni èéfín búlúù ń jáde tó sì ń lọ, rọ́bà ìdí fáàfù ló sábà máa ń fà á, iṣẹ́ ìyẹn ò wọ́n tó ti segment. Tó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnì ń yọ ọ́ nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, segment ni kẹ́ ẹ fura sí. Tí ọ́ìlì bá wá funfun bíi mílíìkì lára ọ̀pá, ẹ má ra ọ́ìlì kankan mọ́, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn, joint de culasse, ohun ìdí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnì àti ara ẹ̀, ni kẹ́ ẹ lọ wò.

Minérale àbí synthétique

Minérale ni ọ́ìlì lásán tí wọ́n fọ̀ látinú epo rọ̀bì, synthétique ni èyí tí wọ́n ṣiṣẹ́ sí lára ju bẹ́ẹ̀ lọ nílé iṣẹ́. Àwọn kan máa ń sọ pé synthétique máa ń jẹ́ kí mọ́tò àgbà máa jò. Synthétique òde òní kì í ba rọ́bà jẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ó ń fọ ẹ̀gbin, tó bá wá jẹ́ pé ẹ̀gbin ló ń bá yín dí ibi tí rọ́bà ti sán, ìgbà yẹn lẹ máa rí i. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra mọ́tò tí ò mọ bí wọ́n ṣe tọ́jú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fi 15W-40 minérale lásán bẹ̀rẹ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ àti fíltà lẹ́yìn 2,000 sí 3,000 kìlómítà, ẹ wo bí èyí tó jáde ṣe dúdú tó, ẹ tún un ṣe. Ìyẹn sàn ju kẹ́ ẹ da synthétique olówó ńlá sínú ìdọ̀tí lọ. Èmi ò rí ìdí tí Carina tó ń rìn láàárín ìlú á fi máa mu ọ́ìlì tó lè wọ́n ní ìlọ́po méjì, tó bá jẹ́ pé ẹ máa ṣe vidange (pààrọ̀ ọ́ìlì) lákòókò. Minérale, 5,000 kìlómítà tàbí oṣù mẹ́fà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé. Ẹni tó ń gba ojú ọ̀nà ilẹ̀ pupa eléruku lójoojúmọ́, ẹ má jẹ́ kó dé 5,000.

Lẹ́tà méjì tí ẹnikẹ́ni kì í wò

API ni wọ́n máa ń kọ, lẹ́yìn náà lẹ́tà méjì. S jẹ́ ti ẹlẹ́sáǹsì, lẹ́tà kejì ń sọ bó ṣe jẹ́ tuntun tó: SL jáde ní 2001, SN ní 2010, SP ní 2020. API fúnra wọn sọ pé SF ò yẹ ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1988, bẹ́ẹ̀ ẹ ṣì máa rí SF tí wọ́n ń tà fún ẹni tó ni mọ́tò 1998, torí pé ó ki, torí pé kò wọ́n. SJ, ó tó fún ẹ́ńjìnì 2001 sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá ní 20W-50 SF lọ́wọ́ kan àti 15W-40 SL lọ́wọ́ kejì, owó kan náà, tí mọ́tò yín ò sì jẹ ọ́ìlì, ẹ gbé SL.

Èyí tó burú ju gbogbo ẹ̀ lọ

Kpayo, ìyẹn ayédèrú. A ti mọ̀ ọ́n lára ẹ̀sáǹsì, àmọ́ ó wà lára ọ́ìlì náà. Wọ́n ń gba èyí tó jáde lára mọ́tò, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á dà á padà sínú bidon tó ní orúkọ ńlá lára. Mo ra ọ̀kan rí lẹ́bàá títì, owó ẹ̀ dín díẹ̀ sí ti àwọn yòókù. Nígbà tí mo délé tí mo fẹ́ ṣí i, òrùka ìdérí ẹ̀ kò já, ó kàn ń yí tẹ̀ lé ìdérí lọ. Mo gbóòórùn ẹ̀, ó ń rùn bí ohun tó ti jóná. Mo ya bébà funfun kan nínú ìwé ọmọ mi, mo fi ìka kán ẹ̀kán kan sí i, mo fi kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ́ìlì tuntun máa ń tàn ká ní àwọ̀ oyin tó mọ́ ketekete ni. Èyí dúdú láàárín, ó ní òrùka eérú yí i ká. Mo gbé gbogbo lítà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sápá kan, mi ò dà á sí mọ́tò kankan.

Láti ìgbà yẹn, ibi tí wọ́n ti ń tà á nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo lè padà lọ ni mo ti ń rà á, mo máa ń wò bóyá nọ́ńbà ara bidon dọ́gba lórí gbogbo àwọn tí mo kó, bóyá òrùka ìdérí ń já pẹ̀ẹ́ tí mo bá yí i. Èyí tí wọ́n ń fi ife wọn látinú dúrọ́ọ̀mù, mi ò rà á mọ́, ì báà jẹ́ 20W-50, ì báà jẹ́ èyíkéyìí. Tí mo bá sì ti ṣe vidange tán, mo máa ń fi ọ̀bẹ gún bidon òfìfo ní ìdí kí n tó jù ú nù, torí àwọn tó ń kó o kiri àdúgbò láti rà mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.