Bikila àbí Kipchoge, ta lẹ máa mú?
Àárọ̀ Sátidé táa ń sáré láti Mọ́kọ́lá lọ sí UI n'Ìbàdàn ni àríyànjiyàn yìí tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì ló gba góòlù márátọ́ọ̀nù Òlíńpíìkì lẹ́ẹ̀mejì, Abebe Bikila ará Ethiopia ní 1960 àti 1964, Eliud Kipchoge ará Kẹ́ńyà ní 2016 àti 2021.

Tó bá jẹ́ ti eré sísá gan-an, Kipchoge ló yára jù, 2:01:09 (wákàtí méjì, ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án) ní Berlin lọ́dún 2022, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n èmi o, Bikila ni tèmi! Ẹsẹ̀ lásán ló fi sá kìlómítà 42 ní Róòmù, ẹ̀yin ẹ bọ́ bàtà kẹ́ẹ rìn láti Bẹẹrẹ dé Òjé nìkan kẹ́ẹ wá sọ bó ṣe rí, òun sá a ní 2:15:16 ó sì gba góòlù. Ní 1964, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ péré lẹ́yìn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó tún gbà á ní Tokyo. Ìjàǹbá mọ́tò ló sọ ọ́ di ẹni tí ò lè rìn mọ́ lọ́dún 1969, ó ṣì tún lọ ń ta ọfà níbi ìdíje lórí kẹ̀kẹ́ arọ. Omi bọ́ lójú mi nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn.