Ọjọ́ 28 létí odò Ganga: ẹ̀kọ́ yoga tí mo sanwó fún ní Rishikesh

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe yoga nínú yàrá mi ní Ìbàdàn, orí fóònù ni mo ti ń wo olùkọ́. Ẹ̀yìn tó ń dùn mí fúyẹ́, mo sì ń sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò yé mi. Olùkọ́ á ní kí n gbé prana, agbára ìyè tí wọ́n ní ó ń bá èémí rìn, gòkè, kí n jẹ́ kí chakra àyà mi, ojúkò tí wọ́n ní agbára yẹn ní nínú ara, ṣí. Kí ni kí n gbé? Ta ló tì í tẹ́lẹ̀? Ìbéèrè yìí ni mo torí rẹ̀ tọ́jú owó tí mo fi lọ sí Íńdíà ní oṣù Kejì.

Rishikesh wà ní ìpínlẹ̀ Uttarakhand, níbi tí odò Ganga ti ń fi òkè Himalaya sílẹ̀ bọ́ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ wákàtí 200 ni mo forúkọ sílẹ̀ fún, ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan tí mi ò ní dárúkọ, torí mo ní ẹ̀sùn tí mo fẹ́ sọ níwájú. Yàrá wọn mọ́. Oúnjẹ wọn kò ní ẹran, kò ní àlùbọ́sà, ata rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ìrẹsì àti ẹ̀wà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń sè pọ̀, tí wọ́n ń pè ní khichdi, ni mo fi gbé ara ró.

Aago mẹ́fà àárọ̀ la máa ń jókòó, òtútù á máa mú wa, a ó sì bẹ̀rẹ̀ nadi shodhana, mímí láti ihò imú kan sí èkejì. Àtàǹpàkò ọ̀tún la fi ń dí ihò imú ọ̀tún, ìka tí wọ́n ń fi òrùka sí la fi ń dí ti òsì. A ó fa èémí láti apá kan, a ó tú u jáde ní apá kejì. Mo ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀ nílé, àmọ́ ibẹ̀ ni mo ti mọ ìdí rẹ̀. Àwọn ìwé hatha yoga, ẹ̀yà yoga tó ń lo ara àti èémí, sọ pé ọ̀nà tí prana ń gbà nínú ara tí ojú kò rí jẹ́ 72,000, nadi ni wọ́n ń pè é. Mẹ́ta ló ṣe pàtàkì jù: ida lápá òsì, tó jẹ́ ti òṣùpá; pingala lápá ọ̀tún, tó jẹ́ ti oòrùn; àti sushumna láàárín, lójú ọ̀pá ẹ̀yìn. Ihò imú méjèèjì ni ẹnu ọ̀nà ida àti pingala. Ẹni tó bá fi imú méjèèjì mí bákan náà, ó ń wá bí prana á ṣe gba ti àárín nìyẹn. Svatmarama, tó kọ ìwé Hatha Yoga Pradipika ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, sọ pé bí èémí bá ń rìn, ọkàn tí a fi ń ronú náà á máa rìn. Bí èémí bá dúró, ọkàn á dúró. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì, mo rí i lára mi.

Bàbá tó ń kọ́ wa ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ yoga nìkan tó owó tí mo san. Nọ́ọ̀sì kan wà nínú wa, ó bi wọ́n léèrè pé nínú ara òkú tí àwọn fi kẹ́kọ̀ọ́, níbo ni chakra wà. Wọn ò bínú. Wọ́n kó wa lọ sórí àtẹ̀gùn etí odò, wọ́n sì sọ ìtàn Dayananda Saraswati, ẹni tó dá Arya Samaj, ẹgbẹ́ àtúnṣe ẹ̀sìn Hindu, sílẹ̀ ní 1875. Nígbà tí ó ṣì ń rìn káàkiri, ó rí òkú tó ń léfòó lórí omi, ó wọ́ ọ sí etí odò, ó fi ọ̀bẹ là á láti wá chakra tí ìwé ọwọ́ rẹ̀ sọ. Kò rí i. Ó fa ìwé náà ya, ó sì jù ú sómi pẹ̀lú òkú náà. Bàbá ní ohun tó ṣe dára, torí ó wá òótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀bẹ la fi ń wá ara tí ojú kò rí yẹn. Inú àṣàrò ni ẹni tó ń ṣe é ti ń fi ọkàn rẹ̀ gbé e kalẹ̀, ìpele kan tẹ̀ lé èkejì.

Ni wọ́n bá ṣí ìwé nípa chakra tí Purnananda kọ ní 1577. Chakra mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí òdòdó orí omi tó jọ òṣíbàtà, ewé òdòdó wọn sì jẹ́ 4, 6, 10, 12, 16 àti 2. Ẹ ro ó pọ̀, 50 ni, iye lẹ́tà Sanskrit, èdè àtijọ́ ilẹ̀ Íńdíà, gan-an, lẹ́tà kan lórí ewé kan. Ara yìí, ohùn ni wọ́n fi kọ́ ọ! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún níbi tí mo jókòó sí. Upanishad, ìwé mímọ́ àtijọ́ ẹ̀sìn Hindu, tí wọ́n ń pè ní Taittiriya náà sọ̀rọ̀ nípa ìpele márùn-ún, ti oúnjẹ, ti èémí, ti ọkàn, ti òye àti ti ayọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá, tó mọ bí èémí ṣe sún mọ́ ẹ̀mí, kò ní ṣàì na etí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀kọ́ wọn kì í ṣe tiwa.

Ẹ̀sùn mi rèé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n mú àlejò olùkọ́ kan wá fún wa lọ́sàn-án. Ó ní chakra àyà mi ti dí, òkúta aláwọ̀ ewé kan ló máa ṣí i, owó rẹ̀ sì wà lọ́tọ̀. Àwọ̀ òṣùmàrè tí wọ́n fi kun àwòrán chakra sára ògiri, láti pupa dé àlùkò, kò sí nínú ìwé tí bàbá kà fún wa. Nínú ìwé náà, ilẹ̀ tó wà nínú chakra ìsàlẹ̀, àwọ̀ ìyeyè ni, kì í ṣe pupa. Ó dùn mí gan-an pé ilé kan náà lè kọ́ni ní òótọ́ láàárọ̀, kó sì máa fi ẹ̀rù tajà lọ́sàn-án. Èyí tó tún burú jù ú lọ ni pé kò sẹ́ni tó béèrè ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kí a tó bẹ̀rẹ̀ kapalabhati, èémí tí wọ́n ń fi ikùn tì jáde kíákíá. Obìnrin kan tó ní in jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òyì kọ́ ọ. Nígbà tí mo lọ sọ ọ́ ní ọ́fíìsì, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ní ọjọ́ kejì, bákan náà ni wọ́n tún ṣe é.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó kọ̀wé béèrè kó tó sanwó: ta ló ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀, ìwé wo ni wọ́n ń kà, ta ni yóò sì yẹ ara ẹni wò kí èémí kíákíá tó bẹ̀rẹ̀? Bí wọn ò bá dáhùn ìkẹta, ẹ má lọ. Ní tèmi, bí bàbá yẹn bá ń kọ́ni níbòmíràn, màá tún wọkọ̀ òfurufú tọ̀ wọ́n lọ.