Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó fẹ́ dá àgbẹ̀dẹ kékeré sílẹ̀ nílé: ayédèrú irin ọ̀bẹ ti pọ̀ jù lọ́jà

Ẹ̀yin tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ̀bẹ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Àwọn kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta irinṣẹ́ lódindi: irin, owú (irin ńlá tí wọ́n ń rọ irin lé lórí), iná gáàsì, òróró, igi èèkù, gbogbo rẹ̀ nínú páálí kan. Wọ́n á ní ẹ ò ní í ra nǹkan mìíràn mọ́. Ọjà gbàrọgùdù ló kún inú ọ̀pọ̀ páálí bẹ́ẹ̀, irin ibẹ̀ ló sì burú jù, torí àléébù rẹ̀ kì í hàn lọ́jọ́ tí ọjà dé. Ẹ ó ti gé e, ẹ ó ti lọ̀ ọ́, ẹ ó ti lu ihò èèkù sí i, kí ẹ tó rí i pé kò lè le láéláé.

Kábọ́ọ̀nù ló ń mú irin le. Nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe oríṣi irin ọ̀bẹ: 1084, èyí tó rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ní kábọ́ọ̀nù nǹkan bí 0.84%, 1095 ní nǹkan bí 0.95%. Irin rírọ̀ tí àwọn wẹ́dà fi ń ṣe géètì kì í sábà ju 0.2% lọ. Ojú lásán ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Oníjìbìtì á kàn fi máàkà kọ 1095 sára irin géètì, á sì tà á fún yín.

Ẹ ra ègé kan ṣoṣo ná, kí ẹ gé ìwọ̀n ìka méjì lára rẹ̀ fún ìdánwò. Ẹ fi sínú iná títí mágnẹ́ẹ̀tì ò fi ní fà á mọ́, ìyẹn ní nǹkan bí 770°C. Ẹ jẹ́ kó gbóná díẹ̀ sí i, tó 815°C, kí ẹ wá rì í sínú òróró canola tí ẹ ti mú lọ́ wọ́ọ́rọ́ dé 50°C. Tó bá tutù, ẹ ha èépá dúdú ara rẹ̀ àti awọ tó wà lábẹ́ èépá náà kúrò dáadáa, torí awọ yẹn máa ń rọ̀ kódà lára irin tó dára. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fáìlì mímú fà á. Bí irin bá dára, fáìlì á máa yọ̀ lórí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń fà á lórí dígí. Bó bá ń jẹ ẹ́, ẹ má tíì bú olóhun: 1095 ń fẹ́ òróró tó ń mú nǹkan tutù kíákíá, canola sì lè lọ́ra jù fún un. Ẹ mú ègé mìíràn, ẹ mú un gbóná bíi ti àkọ́kọ́, kí ẹ rì í sínú omi. Ó lè sán, èyí ò burú, ìdánwò lásán ni. Ẹ fi aṣọ wé e, ẹ dè é mọ́ fáìsì, ẹ fi òòlù gbá a. Irin ọ̀bẹ á ṣẹ́ kán, inú rẹ̀ á sì ní àwọ̀ eérú, á kúnná. Irin géètì á tẹ̀ ni.

“Damascus” (irin abilà) olówó pọ́ọ́kú ni ìdẹkùn tó ń mú èèyàn jù. Ojúlówó rẹ̀ jẹ́ irin oríṣi méjì tí wọ́n lù pọ̀ nínú iná, bí àpẹẹrẹ 1084 àti 15N20; nickel tó wà nínú 15N20 ló ń jẹ́ kí ilà rẹ̀ máa dán. Ayédèrú wá jẹ́ irin kan ṣoṣo tí wọ́n fi ásíìdì ya ilà sí lára. Ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀bẹ náà: ilà gbọ́dọ̀ gba ibẹ̀ kọjá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ fi sáńpépà nu ilà náà tán pátápátá, kí ẹ rì irin náà sínú ferric chloride, kẹ́míkà tó ń jẹ irin, tí ẹ fi omi là. Bí ilà ò bá padà wá, ayédèrú ni. Bó bá sì padà wá, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò fáìlì, torí àwọn kan máa ń lu irin géètì méjì pọ̀, ilà á rẹwà, ojú ọ̀bẹ ò sì ní mú. Ẹni tí kò bá lè sọ orúkọ irin méjèèjì tó wà níbẹ̀, ẹ má rajà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti owú, ẹ ní kí òǹtajà fi fídíò ránṣẹ́ níbi tó ti ń ju bọ́ọ̀lù irin bẹ́árìnnì sórí rẹ̀ láti òkè 25 cm. Bí ojú owú bá jẹ́ irin líle, bọ́ọ̀lù á ta padà tó 18 cm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí cast iron, irin tí wọ́n yọ́ dà sínú àpẹẹrẹ, kì í dé ìdajì, irú owú bẹ́ẹ̀ sì máa ń bù létí bí òòlù bá ti bà á. Ẹ ní kí ó ha ọ̀dà ojú rẹ̀ kúrò kó tó ju bọ́ọ̀lù, nítorí àwọn kan máa ń fi ohun ìdíhò ara mọ́tò bo ibi tó ti bù. Ègé irin rélùwéè tí ẹ gbé dúró lóòró sàn ju owú irọ́ lọ.

Ẹ̀rọ ìlọrin ń kọ́? Ẹ má wo 2 HP (agbára ẹ̀rọ) tí wọ́n kọ gàdàgbà, ẹ wo àwo kékeré ara ẹ̀rọ náà tí wọ́n kọ iná tó ń lò sí. HP kan jẹ́ 746 wáàtì. Bí àwo bá ní 220 V àti 4 A, gbogbo iná tó ń wọlé ò ju 880 wáàtì lọ. Kò sí bó ṣe lè jẹ́ 2 HP. Ẹ tún yẹra fún èyí tí ara rẹ̀ ní ihò atẹ́gùn, eruku irin á wọ inú rẹ̀ bà á jẹ́.

Iná gáàsì inú páálí náà léwu fún ẹ̀mí. Òwú funfun inú rẹ̀, tó ń pa ooru mọ́, máa ń wà ní ìhòòhò, eruku rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ó gbọ́dọ̀ ní símẹ́ńtì tí iná ò lè jó lórí. Régúlétọ̀ sítóòfù ni wọ́n sábà ń fi sí i, nígbà tó jẹ́ pé èyí tí ẹ lè yí láti 0 dé 30 psi (ìwọ̀n agbára tí gáàsì fi ń jáde) ni irú iná bẹ́ẹ̀ sábà ń lò. Bí wọ́n bá ta òróró dúdú fún yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òróró ẹ́ńjìnnì àlòkù, èyí tí èéfín rẹ̀ ní májèlé. Ẹ dà á nù síbi tí wọ́n ti ń gba òróró àlòkù.

Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó fún òun níta ìkànnì ilé ìtajà tí ẹ ti pàdé rẹ̀, kí ẹ má baà san owó ilé ìtajà náà, ẹ fi í sílẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí ẹ bá gé irin wò, òun á ṣì gbà á padà, torí àwáwí tí wọ́n fi ń sá nìyẹn. Ẹ̀yin tó ti rà á, ẹ ya fídíò ìdánwò fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí àmì tí wọ́n kọ sára irin hàn nínú rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹjọ́ sun ilé ìtajà tàbí báńkì kí ọjọ́ ìdápadà tó kọjá.