Iṣẹ́ àtúnṣe ààrò gáàsì àtijọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìbàdàn

Ààrò gáàsì New World olójú mẹ́rin tí àwọn òbí mi kó bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí ọdún 1975 ni mo gbé lọ fún àtúnṣe. Irin rẹ̀ nípọn, nọ́ńbà Regulo tí a fi ń díwọ̀n ooru ófùn, tí ó ti wà lára ààrò New World láti ọdún 1923, sì ṣì hàn ketekete lójú rẹ̀.

Iná ni ìṣòro rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rà á, Bìrìtéènì ń kúrò lórí gáàsì tí wọ́n ń fi èédú ṣe bọ́ sórí gáàsì abẹ́ Òkun Àríwá, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1967 tí wọ́n sì parí ní 1977, gáàsì Òkun Àríwá inú páìpù yìí ni wọ́n sì ṣe jẹ́ẹ̀tì rẹ̀, irin kékeré oníhò tí gáàsì ń gbà jáde, fún. Bí a bá fi gáàsì méjèèjì tí ó gba àyè kan náà wéra, agbára ooru gáàsì inú sílíńdà tí àwa ń lò tó bí ìlọ́po méjì àbọ̀ sí mẹ́ta tirẹ̀. Bí ihò jẹ́ẹ̀tì bá tóbi jù fún un, iná á máa pọ́n, ìdí ìkòkò á sì máa dúdú.

Àwọn atúnṣe kan a máa fi ojé dí jẹ́ẹ̀tì àtijọ́, wọn a sì fi abẹ́rẹ́ lu ihò mìíràn sí i. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi jẹ́ẹ̀tì onídẹ tuntun tí ihò wọn kéré pààrọ̀ gbogbo wọn, ó tú àwọn bọ́tìnnì tí a fi ń yí iná, ó fọ gíríìsì gbígbẹ kúrò, ó fi èyí tí ooru kì í yọ́ sí i, ó sì fi omi ọṣẹ yẹ gbogbo oríkèé wò lójú mi. Iná náà ti wá di búlúù, kò sì fò mọ́. Ó tún sọ fún mi láìfi bò pé ààrò yìí kò ní ohun tí ń ti gáàsì fúnra rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá pa iná, nítorí náà kí n máa ti sílíńdà ní alaalẹ́.

Níbi ọ̀dà ni iṣẹ́ náà ti kù díẹ̀ káàtó. Enamel, ìbora dídán bí díńgí tí wọ́n ń yan mọ́ irin nínú ooru tó bí 800°C, ni ó wà lára rẹ̀. Ọ̀dà mọ́tò ni wọ́n fọ́n sí ibi tí ó ti hó, ó sì ti ń ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nà. Èyí tí ó burú jù ni pé ọmọṣẹ́ kan ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ha okùn etí ilẹ̀kùn ófùn láìbo imú. Irú okùn bẹ́ẹ̀ lára ààrò ìgbà yẹn lè ní asbestos, ohun tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tí Bìrìtéènì sì fòfin dè pátápátá ní 1999. Ó yẹ kí wọ́n rin ín lómi kí wọ́n tó yọ ọ́ jẹ́jẹ́. Mo bá ọ̀gá sọ ọ́, ó sì gbọ́.

Owó iṣẹ́ kò tó ìdajì iye tí wọ́n ń ta ààrò tuntun. Ní ti gáàsì, mo lè júwe ṣọ́ọ̀bù náà fún ẹnikẹ́ni. Ní ti ọ̀dà, kí ó sọ fún wọn kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ófùn ṣì ń gbóná ju nọ́ńbà tí mo bá yí i sí lọ, wọ́n sì ti ní kí n gbé e padà wá láìsan owó kún un.