Ẹnjiníà onígíláàsì: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Ẹ̀yin ará Sùúrùlérè tí wọ́n ti fi fẹ́ǹsì páànù yí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé yín ká, tiyín ni mo wá sọ. Iṣẹ́ ẹnjiníà kan ni, tó ń yẹ ògiri wò kí wọ́n tó máa gbá òpó ìpìlẹ̀ wọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Òun ló bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀, torí àwọn tó ń kọ́ ilé gogoro gan-an ló ń gbéṣẹ́ fún un jù.

Ilé wa wà lára àwọn tí LEDB, àjọ ìjọba tó ń tún ìlú Èkó ṣe láyé ọjọ́un, kọ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé l'Ékòó ní 1955, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ìlú ṣe, Sùúrùlérè ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn wá. Ọmọdé ni bàbá mi nígbà yẹn, òun náà sì bá wọn wá. Ìdí nìyẹn tí màmá mi fi pòṣé nígbà tí wọ́n ní ilé alájà méjìlá ń bọ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná wa, tí ibi ìgbọ́kọ̀sí yóò sì wà lábẹ́ ilẹ̀. Ó ní, "Ìdàgbàsókè ọ̀hún tún ti bá wa débí?"

Àwọn tó ń kọ́ ọ pe ìpàdé kan. Kánópì, ráìsì, móòtì tútù. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù máa wà nísàlẹ̀, iná ò ní máa lọ ládùúgbò mọ́. Láti ìgbà tí ilé alájà 21 ti wó ní Gerrard Road, n'Íkòyí, ní November 2021, tó pa èèyàn tó lé ní 40, ara ń fu gbogbo wa bí a bá ti rí kréènì. A wá bi wọ́n pé bí ògiri wa bá sán ńkọ́? Wọ́n ní àwọn á wò ó. Ta ló wá máa sọ pé èyí tó sán lónìí kò ti sán látàná?

Bí a ṣe pe ẹnjiníà nìyẹn. ₦240,000, ilé mẹ́rin ló dá a, ₦60,000 kọ̀ọ̀kan. Tuesday ló ní òun ń bọ̀, Thursday ló dé. Ó ní gosiló ni. Gosiló ọjọ́ méjì!

Ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ̀rẹ̀, mo gbà fún un. Kò sí ògiri tí kò yà ní fọ́tò, rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó sán, títí kan ẹ̀yìn wọ́dúróòbù màmá tí ẹnikẹ́ni ò tíì sún láti ọjọ́ pípẹ́. Ó fi pẹ́ńsù sàmì síbi tí ojú sísán kọ̀ọ̀kan parí sí, ó kọ déètì sí i. Lẹ́yìn náà ló kó gíláàsì pẹ́lẹ́bẹ́ jáde, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Ó họ ọ̀dà kúrò títí ó fi kan búlọ́ọ̀kù, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ orí gíláàsì méjèèjì kọjá ibi tó sán. Ó ní gíláàsì kì í nà. Bí ògiri bá fi lè yẹ̀ díẹ̀ báyìí, ó ti fọ́ nìyẹn. Mẹ́sàn-án ló lẹ̀ sílé wa.

Màmá wò ó títí. "Ọmọ mi, ṣé èyí ló máa gbé ilé dúró?"

Ó tẹrí ba. "Rárá mà. Ẹlẹ́rìí yín ni."

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá òpó wọlẹ̀, gbì, gbì, láti aago méje àárọ̀, àwọn abọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, gíláàsì kẹrin, tó wà lókè fèrèsé ilé ìdáná, fọ́. Mo gbọ́ ọ létí ara mi: kẹ́ẹ. Ẹnjiníà dé lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an (àwa la san owó mọ́tò o). Lẹ́tà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́lé, ẹ̀dà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìjọba. Àwọn tó ń wí tẹ́lẹ̀ pé ilé àtijọ́ ò ṣe é má sán wo déètì, wọ́n wo fọ́tò, ẹnu wọn wọhò. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n gbé òòlù tí wọ́n fi ń gbá òpó yẹn lọ, wọ́n mú ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ ihò bíi ti bọ́họ́ọ̀lù wá, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn máa tún ògiri náà ṣe.

Kí ló wá jẹ́ kí n yọ ìràwọ̀ kan? Kànga. Ibi tí wọ́n gbẹ́ fún àjà abẹ́ ilẹ̀ yẹn, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń fa omi rẹ̀ sí gọ́tà, omi inú ilẹ̀ wa sì ń ṣàn lọ bá wọn níbẹ̀. Kànga tí kò gbẹ rí, ẹrẹ̀ ni korobá ń bù báyìí, mẹ́ruwà la ń pè. Ẹnjiníà ò wọn omi rẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ wá, nítorí náà wọ́n ní ẹ̀ẹ̀rùn ló fà á, a ò sì rí nǹkan fi hàn wọ́n. Òun náà ló tún wá ń ṣàlàyé pé ilẹ̀ tí omi inú rẹ̀ bá ti lọ máa ń rì, ilé orí rẹ̀ á sì bá a rì. Lẹ́yìn tí kànga ti gbẹ tán! Ìwé tó kọ fún wa náà, ojú ewé 31, òyìnbó pọ́ńbélé. Èmi ni mo jókòó túmọ̀ rẹ̀ fún màmá.

Síbẹ̀ màá tún pè é. Ẹ pè é kí kréènì tó dé, kẹ́ ẹ sì ti so òkúta mọ́ okùn, kẹ́ ẹ sọ ọ́ sí kànga, kẹ́ ẹ ya fọ́tò ibi tó lómi dé.

Gíláàsì mẹ́jọ ló kù. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, màmá á mú tọ́ọ̀ṣì, á máa kà wọ́n kiri inú ilé bí ẹni ń ka adìẹ.