ÌKÌLỌ̀: Omi inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi gba owó àjọ mi lọ́wọ́ mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé òkè petẹ́ẹ̀sì tí ẹ sì ní ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ẹ dúró ka èyí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó ń ta ohun tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń rò ó bóyá kí n kọ ọ́ tàbí kí n gbé e mì, torí ojú ń tì mí. Ojú ṣì ń tì mí. Àmọ́ láàárọ̀ yìí ni mo rí i tí ọkùnrin tó ta tèmi fún mi yẹn tún gbé fídíò tuntun jáde. Bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, omi kan náà, ègé pákó kan náà nínú omi, àwọn ìyá ọmọ sì ti ń bi í pé èló ni. Inú mi ru gùdù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín pé mi ò ṣàdédé kó sí i. Ìkòròdú là ń gbé, ilé tí a háyà, àwa la wà lókè. Táìlì ni onílé fi ṣe ilẹ̀. Rọ́ọ̀gì ni mo kọ́kọ́ tẹ́ sí pálọ̀ nígbà tí Tọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Rọ́ọ̀gì yẹn mu ìtọ̀, ó mu mílíìkì, ó mu ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. A fọ̀ ọ́, a sá a, kò gbẹ dénú, òórùn kò lọ. Mo ká a kúrò. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọ tọ̀ sórí táìlì, ó tẹ ìtọ̀ ara rẹ̀, ó yọ̀, àgbọ̀n rẹ̀ gbá ilẹ̀, ètè rẹ̀ bẹ́. Ẹ̀jẹ̀! Ọkàn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já lọ́jọ́ náà. Ká tó wá sọ ti Alhaja tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa. Èèyàn dáadáa ni, àmọ́ ó ti gòkè wá lẹ́ẹ̀mẹta: “Ìyá Tọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń gún lójú ọ̀sán yìí?” A ò gún nǹkan kan. Ọmọ ló ń fi ṣíbí lu táìlì.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá SPC nìyẹn, pákó pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ ọ́n, òkúta ẹfun lílọ̀ tí wọ́n pò mọ́ PVC, irú ike kan, ló wà nínú ẹ̀. Kò sí igi níbẹ̀, torí náà kò sóhun tí omi máa rí mú wú. Ó máa ń há sínú ara wọn létí, kò gba gọ́ọ̀mù, ayálégbé lè tẹ́ ẹ lórí táìlì onílé, kó sì tú u lọ́jọ́ tó bá ń kó jáde. Fóòmù pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ẹ̀ á sì jẹ́ kí ariwo ṣíbí yẹn rọlẹ̀ fún Alhaja. Ṣé ẹ rí i? Mo mọ ohun tí mo ń wá. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa! Mo mọ̀ pé laminate wà tó jọ ọ́ lójú, tó jẹ́ pé igi lílọ̀ tí wọ́n fún pọ̀ ló wà nínú tiẹ̀, pẹ̀lú bébà lójú. Mo mọ gbogbo ẹ̀, wọ́n sì tún mú mi.

Orí Facebook ni mo ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n mi ò fi owó ránṣẹ́ látinú ilé o. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun kan wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ègé pákó kan wà nínú omi. Ó ní ó ti lo ọjọ́ méjì níbẹ̀. Ó yọ ọ́, ó fi àkísà nù ún, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó wúwo. Ó tutù. Mo fi èékánná họ etí ẹ̀, kò ṣí. Inú ẹ̀ rí bí eérú láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. “Àǹtí mi, ọmọ yín lè tọ̀ sí i láti àárọ̀ dalẹ́, omi ò lè ṣe é ní nǹkan kan.” Mo bi í léèrè pé, “Ṣé èyí gan-an lẹ máa kó wá?” Ó ní, “Háà, Àǹtí, ọmọlúàbí ni mí.”

Ojúlówó ló fi hàn mí! Ibi tó ti ń dùn mí jù nìyẹn. Kì í ṣe pé mi ò dá ojúlówó mọ̀. Mo dì í mú lọ́wọ́ mi méjèèjì.

Ìgbà tí mo fẹ́ sanwó ló wá sọ pé 5mm ti tán, 8mm ló kù, pé òun á fún mi ní iye kan náà torí ọmọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún pe bàbá Tọ́lá lórí fóònù pé wọ́n fún wa ní èyí tó nípọn jù. SPC tí wọ́n sábà ń tà kì í ju 4mm sí 6mm lọ. Laminate ló máa ń jẹ́ 8mm. Ó yẹ kí n mọ̀. Ó yẹ kí n mọ̀! Páálí 17, 2.2 mítà onígun mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 13,000 náírà fún mítà kan. Mo fi 486,200 ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀ lórí ìdúró, owó àjọ tí mo dá fún oṣù mẹ́wàá. Owó ọkọ̀ 18,000. Owó àwọn tó tẹ́ ẹ 51,000. Nígbà tó yá, ẹni tó ń tẹ́ ẹ ní kò tó, mo tún ra páálí kan sí i, 28,600. Páálí yẹn nìkan ni wọ́n ṣí lójú mi. Pákó 10 ni wọ́n kọ sára ẹ̀. Mo kà á: 8. Mo tún un kà: 8. Ta ló mọ iye tó wà nínú àwọn 17 tó ṣáájú?

Ibi iṣẹ́ ni mo wà lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ́ èyí tó pọ̀ jù. Ìgbà tí mo dé, ìyẹ̀fun ti kún báńkóní wa, àwọ̀ ilẹ̀, ó fúyẹ́, ó ń rùn bí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Mo mú ìgbálẹ̀, mo gbá a jọ, mo kó o sínú ọ̀rá dúdú. Èmi fúnra mi ni mo gbá a. Mi ò bi ara mi léèrè pé òkúta wo ló ń rùn bí igi.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni Tọ́lá fa abọ́ ògì rẹ̀ dànù. Mo nù ún lójú ẹsẹ̀. Mo ní lójú ẹsẹ̀! Ọjọ́ kejì, etí pákó méjì gbórí sókè. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, wọ́n ti wú bíi búrẹ́dì inú tíì. Lẹ́bàá ibi tí ọmọ ń sùn, níbi tí ìtọ̀ máa ń jò sí, ojú rẹ̀ ṣí, bébà bẹ̀rẹ̀ sí í ká kúrò. Ẹnu ọmọ mi ni mo ti yọ ègé bébà yẹn.

Mo pe ọkùnrin náà. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: “Àǹtí, omi lẹ̀ ń dà sí i jù. Ẹ kọ́ ọmọ yín láti máa lo póò.” Ọmọ oṣù 17! Ìwọ tó o sọ fún mi pé kó máa tọ̀ sí i láti àárọ̀ dalẹ́! Mo fi fọ́tò ránṣẹ́, ó kà á, kò fèsì. Mo tún pè, ó ti dí nọ́ńbà mi. Bàbá Tọ́lá lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ó rìnrìn àjò. Ìrìn àjò wo ló ń lọ tó ń gbé fídíò jáde?

Ẹ má sì bi mí pé kí ló dé tí mi ò ṣí páálí. Ẹ̀gbọ́n mi ti bi mí, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ti bi mí. Páálí 17 tí wọ́n fi ike dì pinpin, níwájú ilé, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, dírẹ́bà ń kígbe pé òun fẹ́ máa lọ. Ẹ̀yin ì bá ti ṣí i? Bóyá ẹ̀ bá ti ṣí i. Ó yẹ kí n ṣí i. Mo mọ̀.

Torí náà: ẹ ṣí i. Ẹ ṣí páálí kan kí ẹ tó sanwó tán, ẹ ka iye tó wà nínú ẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ọ̀kan sí méjì: tí inú ẹ̀ bá ní àwọ̀ igi, ẹ dá a padà. Ẹ rẹ ègé tiyín sínú omi tiyín nílé yín, ó kéré tán ọjọ́ kan. Ẹ wá ẹni tó máa tẹ́ ẹ fúnra yín, ẹ má gba ẹni tí ọlọ́jà bá mú wá. Ẹ gba rìsíìtì tó kọ SPC sílẹ̀ pẹ̀lú bó ṣe nípọn tó. Tèmi, “tiles” lásán ni wọ́n kọ sí i. Tí owó ò bá tó, kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà tó jẹ́ odindi, tí kò ní ojú ìpàdé, sàn jù. Àwọn fóòmù aláràbarà tí wọ́n ń so pọ̀ yẹn, ìtọ̀ máa ń gba àárín wọn wọlé. Mo ti kọ̀wé ẹ̀sùn sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwa oníbàárà. Ẹ̀yin ará Èkó tún ní LASCOPA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fún ọ̀rọ̀ oníbàárà. Ẹ tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá bá ọlọ́jà sọ lórí WhatsApp, ẹ má pa á rẹ́.

Lánàá, ọlọ́jà mìíràn tí ọ̀rẹ́ mi júwe fún mi pè mí pé òun á bá mi ṣe é dáadáa. Ohùn rẹ̀ tutù, ó pè mí ní Àǹtí. Mo pa fóònù mọ́ ọn lẹ́nu. Bóyá olóòótọ́ ni. Mi ò mọ ọ̀nà tí mo lè gbà mọ̀ mọ́. Gbogbo wọn ló ní bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Àti ìwọ tó o wá tẹ́ ẹ nílé mi. Ẹni tó ta á lè sọ pé ilé iṣẹ́ ló dì í bẹ́ẹ̀. Ìwọ ńkọ́? Ọwọ́ rẹ ló gé e, ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. O rí inú ẹ̀. O rí ọmọ tó ń rìn káàkiri láàárín yín, tí ìtọ̀ ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo gbé ìrẹsì àti ẹja fún ọ, o jẹ ẹ́ tán, o ní kí Ọlọ́run bá wa wo ọmọ, o gba 51,000 náírà lọ́wọ́ mi, o sì sọ̀ kalẹ̀ lọ.