Asẹ́ onírin alájà méje fún òkìtì ìkarahun etí ọ̀sà: ó dára, ṣùgbọ́n ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ

Asẹ́ tí à ń sọ ni èyí tí wọ́n fi irin tí kì í dípẹtà ṣe, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 200 mm, tí a máa ń tò léra wọn: 4 mm lókè, 2 mm, 1 mm, 500 µm (µm kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mm), 250, 125, títí dé 63 µm, àwo sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó bá wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tó fẹ́ yẹ erùpẹ̀ òkìtì ìkarahun wò, kó rà á. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ pé iyanrìn ni wọ́n ṣe é fún, ìkarahun kì í sì í ṣe bí iyanrìn.

Ohun tí à ń wá kò pọ̀: ṣé ènìyàn ló kó ìkarahun yìí jọ ni, àbí ìgbì omi ló gbá a jọ? Èyí tí ìgbì bá gbá jọ, iyanrìn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ó máa ń pọ̀ sórí asẹ́ kan tàbí méjì, etí ìkarahun rẹ̀ á sì ti dán. Ti ènìyàn máa ń wà lórí gbogbo asẹ́, pẹ̀lú eérú, èédú àti egungun ẹja. Irú èyí ni òkìtì 218 tí UNESCO kà ní ẹnu odò Saloum ní Sẹ̀nẹ̀gàl, tí wọ́n kọ ibẹ̀ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2011.

Ẹ wọn 100 gírámù erùpẹ̀ gbígbẹ, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí asẹ́ má baà dí. Ẹ ṣa èédú àti odindi ìkarahun kúrò kí omi tó kàn án. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ iyọ̀ rẹ̀ dànù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun máa ń gba Kùtọnu wọ ọ̀sà wa. Bí Odò Ouémé bá kún, iyọ̀ á dínkù. Iyọ̀ tó bá ṣẹ́kù máa ń mú amọ̀ dì mọ́ra, á sì jókòó sórí asẹ́ bíi pé iyanrìn ni. Ẹ jẹ́ kó silẹ̀, ẹ rọra da omi orí rẹ̀ nù, ẹ tún bu omi òjò sí i. Nígbà tí amọ̀ bá kọ̀ tí kò rọlẹ̀ mọ́, iyọ̀ ti tán nìyẹn; ẹ má dà á nù mọ́, amọ̀ ni ẹ ó dà nù. Ẹ wá rẹ ẹ́ mọ́jú nínú omi tí ẹ po 50 gírámù sodium hexametaphosphate, kẹ́míkà tó ń tú amọ̀ ká, mọ́ lítà kan, ẹ fi omi sẹ́ ẹ gba 63 µm, kí ẹ gba omi rẹ̀ sínú garawa, kí ẹ sá èyí tó kù sínú ààrò ní 105 °C.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni kí ẹ fi jọ̀ ọ́. Bó bá pẹ́ jù, ìkarahun á fọ́ wẹ́wẹ́, á sì di iyanrìn tí kò sí nínú òkìtì náà rí. Àfọ́kù rẹ̀ pẹlẹbẹ: bó bá sùn, á dí ihò, bó bá dúró lórí etí, á bọ́ sísàlẹ̀ níbi tí kò yẹ. Ìdí nìyí tí a fi ń pín erùpẹ̀ sí méjì. A ó sẹ́ ìdajì bó ṣe wà. Ìdajì kejì, a ó máa bu ásíìdì hydrochloric tó jẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sí i díẹ̀díẹ̀, torí ó máa ń hó bo ẹnu abọ́, títí tí kò fi ní hó mọ́, ìyẹn ni pé ìkarahun ti yọ́ tán. A ó fọ̀ ọ́ dáadáa kó tó kan asẹ́. Eérú igi àti egungun náà máa ń yọ́ lọ, nítorí náà, ẹ má pe gbogbo ohun tó pòórá ní ìkarahun.

Àbùkù rẹ̀ wà. Asẹ́ 63 µm ẹlẹgẹ́ ni: ìka kan tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lè fà á ya, kò sì ní àtúnṣe. 125 µm máa ń dí. Ẹ da omi gba ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má fi abẹ́rẹ́ tú u. Nígbà ọyẹ́, lẹ́búlẹ́bú máa ń lẹ̀ mọ́ ara irin, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a. Bí àpapọ̀ gbogbo asẹ́ bá fi ju gírámù méjì lọ dín sí ohun tí ẹ wọ̀n nígbà tó kúrò nínú ààrò, ẹ tún un ṣe.

Ní oko ìwalẹ̀, férémù onígi tí káfíńtà kàn wáyà 4 mm mọ́ tó. Ẹ má lo nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, ihò rẹ̀ máa ń fẹ̀ sí i.

Ohun tó bá kéré sí 63 µm, asẹ́ yìí kò mọ̀ ọ́n. Ìrọlẹ̀ nínú omi ni ẹ ó fi mọ̀ ọ́n. Àkókò inú ìwé, 20 °C ni wọ́n ṣe é fún: amọ̀ 2 µm á lo wákàtí mẹ́jọ kó tó lọ 10 cm. Nínú yàrá wa tó lè gbóná dé 30 °C, wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ ni. Bí owó kò bá tó gbogbo rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ra 2 mm, 250 µm, 63 µm àti àwo.